Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọjọ́ Méjì ní Ìlọrin àti Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lórí ìrìn-àjò afẹ́ lóṣù yìí pọ̀, ohun kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè: kí ni èèyàn lè rí ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ sí ọ̀sán Sọ́ńdè, kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́? A mú mẹ́fà nínú wọn, a sì gé wọn kúrú kí àyè lè gbà wá.

*

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún 7 àti ọdún 11, fẹ́ wá lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Ìlọrin. A ní mọ́tò tiwa. Mo ti kọ ibi mẹ́sàn-án sílẹ̀: Òkúta Ìlọrin, ààfin Ẹ́míà, mọ́sáláṣí ńlá, Òkè Sóbí, àwọn amọ̀kòkò Dàda, àwọn ahunṣọ òfì, àwọn ère òkúta ìlú Ẹ̀sìẹ́, omi Òwu tó ń já láti orí àpáta, àti ìlú Ọ̀fà. Báwo la ṣe máa tò ó? — Ìyá Àwọn Ọmọ, Ìbàdàn*

Ìyá Àwọn Ọmọ, ẹ kú ìmúra o. Bí ẹ bá ní kí ẹ rí ibi mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ méjì, ojú ọ̀nà lẹ máa lo ọjọ́ méjèèjì sí. Ẹ yọ omi Òwu kúrò, a ó sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ yọ Òkè Sóbí náà nítorí ọmọ ọdún 7: àpáta gíga ni, ó ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀, bárékè sójà sì wà nítòsí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí àlejò ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kiri láìmú ọmọ àdúgbò dání. Ọ̀fà, ẹ fi í sí bí àyè bá ṣe gbà yín.

Ohun tó ń ba ètò ọ̀pọ̀ àlejò jẹ́ ni pé wọ́n ń fi Sátidé rìn ìgboro Ìlọrin, wọ́n á wá gbé Ẹ̀sìẹ́ sí Sọ́ńdè. Ẹ yí i padà. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gba òwúrọ̀ Sọ́ńdè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù á tì, ọkọ̀ á wọ́n, ẹni tí ẹ bá fẹ́ bi léèrè ọ̀nà lè wà nílé ìjọsìn. Ṣùgbọ́n láàárín ìgboro Ìlọrin àtijọ́, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ni Sọ́ńdè. Ahunṣọ á ti jókòó sídìí òfì rẹ̀, amọ̀kòkò á ti po amọ̀. Jímọ̀ gan-an ni wọ́n máa ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án nítorí ìrun. Nítorí náà, Sátidé fún Ẹ̀sìẹ́, Sọ́ńdè fún ìgboro.

Ìbàdàn sí Ìlọrin tó 160 kìlómítà. Bí ẹ bá lè kúrò nílé ní aago 12 ọ̀sán Jímọ̀, ilẹ̀ kò ní ṣú bá yín lọ́nà. Ẹ má bá wa gbẹ́kẹ̀ lé wákàtí tí fóònù bá sọ: kò mọ ibi tí títì ti já, kò sì mọ ibi tí tírélà bá dí ọ̀nà sí. Ẹ fi wákàtí kan kún un. Ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì sí GRA tàbí ibòmíràn tí kò jìnnà sí ìgboro, kí ẹ sì bi wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó sanwó: aago mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mélòó ni wọ́n ń pa á? Ṣé omi ń yọ ní báluwẹ̀ yàrá tí wọ́n fẹ́ fún yín gan-an? Ṣé inú ọgbà ni mọ́tò máa sùn? Ìbéèrè ti omi yẹn ni àwọn èèyàn kì í bèèrè, òun ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀.

Alẹ́ Jímọ̀, Ọjà Ọba. Ọjà tó ń gbádùn alẹ́ ni, ẹ ó rí oúnjẹ, ẹ ó sì rí ojú ìlú.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹ gbéra ní aago 8. Ọ̀nà Gánmọ̀ lẹ máa gbà, ẹ ó kọjá Àmọ̀yọ̀ àti Ìdòfìán dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ìkan lọ sí Ọ̀fà, ìkejì lọ sí Òrò àti Òmù-Àrán. Ọ̀nà Òrò ni kí ẹ mú, kí ẹ sì bèèrè yíyà Ẹ̀sìẹ́ lọ́wọ́ wọn ní Òrò. Láti Ìlọrin dé ibẹ̀ tó 60 kìlómítà, ẹ fún un ní wákàtí kan àbọ̀. Mọ́tò kékeré tó ń lo lítà kan fún kìlómítà mẹ́wàá á jẹ lítà 12 ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ ra 20 kí ẹ tó kúrò ní Ìlọrin. Ẹ lo wákàtí méjì ní Ẹ̀sìẹ́. Bí agogo kò bá tíì lu méjì, ẹ lè ti Àjàṣẹ́ yà sí Ọ̀fà, ìlú Ọlálọmí, kí ẹ wo Ọjà Ọwọ́dé, kí ẹ sì ra ànàmọ́. Bó bá ti kọjá aago méjì, ẹ máa bọ̀ nílé. Aago márùn-ún ni kí ẹ ti wà ní Ìlọrin.

Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ, amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlélé. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìdí-Àpé, níbi tí Òkúta Ìlọrin wà nínú agbo ilé Asájú. Òkúta tí wọ́n ń pọ́n irin sí ni, bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Òjó Ìṣẹ̀kúṣé ló ń lọ irin sí i, ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ṣáájú pé òkúta tí kò ga ni wọ́n ń bọ̀ wá wò, kí ojú má baà ro wọ́n. Ìtàn rẹ̀ lẹ bá wá. Agbo ilé ènìyàn ni, kì í ṣe ọgbà ìjọba: ẹ kí àwọn àgbà ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì ní owó kékeré lọ́wọ́ fún ẹni tó bá sọ̀tàn fún yín. Àwọn ahunṣọ òfì, ààfin àti mọ́sáláṣí ló kù. Bí aago bá lu méjìlá, ẹ ti jẹun, kí ẹ sì kọjú sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun kan ṣì kù: bó bá jẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni, ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì bóyá wọ́n ń ṣe ìmọ́tótó àyíká láàárọ̀, nítorí wọ́n lè dá mọ́tò dúró títí wọ́n fi máa parí rẹ̀.

*

*Oṣù wo ló dára jù? A fẹ́ rí omi Òwu nígbà tó bá kún, a sì fẹ́ rí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin. — Ọmọ Ìgbómìnà l'Ékòó*

Méjèèjì kì í bọ́ sí àsìkò kan náà. Òjò ló ń bọ́ omi Òwu. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ló máa ń kún. Bó bá di oṣù Kejì sí Ìkẹta, ó ti tín-ín-rín lára àpáta. Àwọn ẹlẹ́ṣin ní tiwọn, Iléyá ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Oṣù àwọn Mùsùlùmí kúrú ju tàwọn yòókù lọ, nítorí náà Iléyá ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ní 2026 ó bọ́ sí ìparí oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín in sí ìrìn-àjò méjì.

Ti ẹlẹ́ṣin yẹn, ẹ má jẹ́ kó fò yín. Wọ́n máa ń ki Ìlọrin pé ìlú tó tó báyìí tí wọn ò ní eégún, ẹṣin leégún ilé baba wọn. Ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá tú jáde síwájú ààfin lẹ́yìn Iléyá, tí àwọn èèyàn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkòbí àti Àlánámù, bá ń wọ́ wá kí Ẹ́míà, lẹ máa mọ ohun tí oríkì yẹn ń sọ. Ẹ ti gba òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú, nítorí gbogbo ọmọ Ìlọrin tó wà lẹ́yìn odi ló ń bọ̀ wálé. Ẹ má dúró síbi tí ẹṣin ti ń sáré wá kí ààfin, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì di ọmọ mú. Ẹṣin tí ìbọn bá dẹ́rù bà lè yà síbi tó bá wù ú.

Ti omi Òwu, òtítọ́ la máa bá yín sọ. Omi náà ń já láti orí àpáta tó ga ju 100 mítà lọ, ní Ọ̀wá-Kájọlà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ó lẹ́wà gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ kò dára, mọ́tò tí abẹ́ rẹ̀ kò ga kò lè débẹ̀ nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ ìgbà òjò náà ni omi ń kún. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ajínigbé ti yọ àwọn abúlé àti ojú ọ̀nà kan ní gúúsù Kwara lẹ́nu láti ọdún díẹ̀ wá. Bí ẹ kò bá ní ẹni tí ẹ mọ̀ ní agbègbè náà gan-an, tó lè sọ fún yín lọ́sẹ̀ yẹn pé ọ̀nà dára, ẹ má lọ. Bó bá sọ pé ó dára, ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ pọ̀, kí ọmọ àdúgbò ṣíwájú yín, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ ní aago kan ọ̀sán.

Ẹ tún kíyè sí i: Òwu-Ìsin, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, kì í ṣe ibi tí omi Òwu wà. Ẹni tó bá kọ "Owu" lásán sínú fóònù lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀.

*

*Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Tánkè, Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, mo sì fẹ́ mú un lọ wo ère Ẹ̀sìẹ́. A kò ní mọ́tò. Ọkọ̀ wo la máa wọ̀, kí ló sì wà níbẹ̀ láti wò? Àwọn kan sọ fún mi pé òkúta lásán ni. — Ọmọ Tánkè*

Ẹ jí lọ sí Gáréèjì Ọ̀fà kó tó di aago méje àbọ̀, nítorí ọkọ̀ kò ní gbéra àfi kó kún. Ọkọ̀ Òmù-Àrán ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì sọ fún dírẹ́bà pé Òrò lẹ máa sọ̀. Ẹ ṣọ́ra ó: Òrò yàtọ̀ sí Òrò-Àgọ́, ọ̀nà wọn kò sì papọ̀ rárá. Ní Òrò, ẹ ó rí ọ̀kadà tàbí táksì tó ń lọ Ẹ̀sìẹ́. Ẹ bá a dúnàádúrà àlọ àti àbọ̀, ṣùgbọ́n àlọ nìkan ni kí ẹ san ṣáájú, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá san méjèèjì tán ló máa ń fẹsẹ̀ rìn padà. Ẹ kó owó bébà dání: nẹ́tíwọ̀kì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ kí owó fóònù wọlé.

Ẹ wá ẹni tó lè bá yín pe ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ máa wà nílẹ̀ ní Sátidé.

Ní ti "òkúta lásán", ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti sáré wò ó ni. Ère ibẹ̀ lé ní 1,000, òkúta rírọ̀ kan tí irin lè gbẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ọdún 1933 ni olùyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kan láti ìjọ CMS (Áńgílíkà) ròyìn wọn fún ìjọba. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé tí wọ́n kó wọn sí, òun sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó ti wà kí ti Ifẹ̀ tó wà, kí ti Jos tó wà. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ní tiwọn ti mọ ère náà tipẹ́, wọ́n sì ń bọ ọ́. Ìtàn wọn ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n ṣe ohun tí kò tọ́ tí gbogbo wọn fi di òkúta. Ẹni tó gbẹ́ wọn gan-an, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé e lórí.

Bí ẹ ó ṣe wò ó nìyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wọn. Ẹ yan ère kan péré, kí ẹ dúró tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wo irun rẹ̀ láti ẹ̀yìn: irun wọn kún fún iṣẹ́ ọnà, ìlà irun á yọ kedere níbi tí ojú ti ń yára fò ó. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ilà. Ẹ wo ọwọ́: àwọn kan di idà mú, wọ́n gbé e lé èjìká, àwọn kan di ohun orin mú. Ẹ wo ohun tí wọ́n jókòó lé, àpótí ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá bọ́ sẹ́yìn kí ẹ wo gbogbo wọn pọ̀, ẹ ó rí i pé ìgbìmọ̀ ló jókòó. Èyí tó kéré jù nínú wọn ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 14, ńlá wọn lé ní mítà kan. Orí ọ̀pọ̀ ti kán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ yín kí ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n: òkúta tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òógùn ọwọ́ ń bà á jẹ́, bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá sì fọwọ́ pa imú ère kan, imú yẹn á tẹ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò.

*

*Mo fẹ́ ra ìkòkò Dàda mẹ́ta lọ sílé. Èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá fọ́ kó tó dé Òmù-Àrán, òmíràn sì ń jo. Kí ni mo ṣe tí kò dára? — Ìyá Tóyìn, Òmù-Àrán*

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó ń jo ti ní ẹ̀là kí ẹ tó gbà á. Ìkòkò ni a ń gbọ́, kì í ṣe kí a kàn wò ó. Ẹ fi ọwọ́ òsì gbé e láti inú, kó má kan ilẹ̀, kí ẹ fi oríkèé ìka kàn án lára. Bó bá dún gooro bí agogo, ó jinná, kò sì là. Bó bá dún bọ̀ọ̀, ẹ dá a padà. Ẹ kàn án níbi mẹ́ta: ètè, ikùn, ìdí. Ìdí ló máa ń là jù, nítorí lórí ìdí ìkòkò àtijọ́ ni wọ́n ti ń tẹ́ amọ̀ tútù, wọ́n á wá fi amọ̀ lílọ́ mọ ara rẹ̀ sókè. Bí ibi tí méjèèjì ti pàdé kò bá wọnú ara wọn dáadáa, iná á tú wọn. Gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò, pẹ̀lú igi àti koríko, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan lè pọ́n kí èkejì dúdú. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Àwọ̀ dúdú tó ń dán, omi èèpo èso igi tí wọ́n fi ń ṣe irú tí wọ́n ń dà sí i nígbà tó ṣì gbóná ló fà á.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe: ìsáasùn fún ọbẹ̀, àmù fún omi. Àmù gbọ́dọ̀ máa làágùn díẹ̀ lára kí omi rẹ̀ lè tutù, ẹ má ka ìyẹn sí jíjò. Ìsáasùn kò gbọ́dọ̀ làágùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi sínú rẹ̀ níwájú olùtajà, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ gbígbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ gbé e kúrò. Bí ilẹ̀ bá tutù rọ̀rọ̀, kò sí ìṣòro. Bí omi bá dá síbẹ̀, ó ń jo.

Ti gbígbé e lọ: ẹ má kó wọn sínú ara wọn. Ẹ fi àkísà tàbí ìwé ìròyìn kún inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ wé e lóde, ẹ fi ìṣùká sábẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ sókè sílẹ̀ mọ́tò lẹ́yìn ìjókòó iwájú. Kì í ṣe búùtù. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń fò jù bó bá kó sí kòtò. Bó bá délé, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sì fi iná kékeré se omi ìrẹsì tàbí ògì nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó se ọbẹ̀. Kíki rẹ̀ á dí ihò kékeré tó bá wà.

*

*Onígbàgbọ́ ni mí, obìnrin. Ṣé mo lè dé mọ́sáláṣí ńlá àti ààfin? Kí ni kí n wọ̀? — A. O., Adó-Èkìtì*

Ẹ lè wá. Ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, kí ẹ ní ìborùn lọ́wọ́, kí ẹ sì wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́. Ìta lẹ ti máa rí èyí tó dára jù ní mọ́sáláṣí náà, tí wọ́n ṣí ní 1981. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ bá àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá sọ. Kí ẹ má wá láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta lọ́jọ́ Jímọ̀: títì á kún, ìrun ni gbogbo èèyàn bá wá. Ní ààfin, ẹ kúnlẹ̀ kí àgbà tí ẹ bá bá, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá. Ẹ má ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò kí ó tó gbà.

Bó bá jẹ́ àkókò ààwẹ̀ lẹ wá, oúnjẹ ọ̀sán á ṣòro láti rí ní ìgboro. Ẹ gbé oúnjẹ dání, kí ẹ jẹ ẹ́ nínú mọ́tò tàbí ní òtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n alẹ́ ibẹ̀ nígbà náà ń dùn.

*

*Báwo ni mo ṣe lè gbé wàrà Ìlọrin dé Abẹ́òkúta láìkan? — Bàbá Ràṣídì*

Bàbá, ẹ rà á láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, kì í ṣe lálẹ́ àná. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ṣíbí: tó bá le díẹ̀ tó sì padà bọ̀ sípò, ó dára, tó bá ya pẹ́pẹ̀pẹ́, ewé bọmubọmu tí wọ́n fi mú un dì kò ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ gbóòórùn omi rẹ̀, kó má kan. Pupa tàbí funfun, ọ̀kan náà ni. Pòròpórò ọkà bàbà ló fún un ní àwọ̀ pupa.

Ẹ bẹ olùtajà kó fi omi wàrà náà bò ó nínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ gbé ike náà sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Bí ẹ kò bá ní kúlà, ẹ ra díndín, òun ló lè fara da ooru. Bí ẹ bá délé, ẹ da omi àtijọ́ nù, ẹ fi omi àti iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi iyọ̀ náà, kí ẹ tó gbé e sínú fíríjì. Ẹ pààrọ̀ omi iyọ̀ náà lójoojúmọ́ títí ẹ ó fi jẹ ẹ́ tán.